Ọwọ́ Tó Yí Àwo

Bí ẹ bá bi Nong Pisto, á ní ńṣe ni Consorcia Bantilan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá bi Consorcia, á ní ńṣe ni wọ́n lé òun bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo tí wọ́n sá. Bí ẹ bá sì bi àwọn ará ìlú San Bartolome, ẹ yáa wá àga jókòó, nítorí kò sí ilé méjì níbẹ̀ tí ìtàn náà rí bákan náà.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀ ni pé ọdún mọ́kàndínlógún ni Consorcia fi yan ẹlẹ́dẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Nong Pisto. Odidi ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń wí o. Wọ́n á fi ọparun gún un láti ẹnu jáde nídìí, wọ́n á di kóóko ọba àti aáyù àti àlùbọ́sà eléwé sínú ikùn rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán ikùn náà pa, Consorcia yóò wá jókòó tì í lórí àpótí kékeré kan, yóò máa yí i lórí ẹ̀yinná fún wákàtí mẹ́rin, láìyára, láìfalẹ̀, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ sùn. Ìgbà tí ó bá jinná, awọ rẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀, á máa dún kàù lábẹ́ ọ̀bẹ, débi pé bí wọ́n bá gé e ní ọjọ́ Sunday, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì títì á gbàgbé ibi tí àlùfáà bá ìwàásù dé. Nang Siyang ni gbogbo ìlú ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pe ti ọkùnrin ní Nong, títí kan àwọn ìyá arúgbó tó lè bí i lẹ́ẹ̀mejì. Nong Pisto nìkan ló ń pè é ní Siyang lásán, nítorí òun ni ọ̀gá, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Nang Oping, tó ń ta ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ ní ọ̀kánkán wọn, ti ń wo Consorcia láti òdìkejì títì fún ọdún mọ́kàndínlógún ọ̀hún bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí iná. Nong Pisto mọ̀. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Thursday tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Nong Pisto fi èékánná kan awọ ẹran kan wò, ó ní, "Siyang, awọ yìí rọ̀ bíi bàtà tójò pa."

Consorcia ò gbójú sókè. "Nong, awọ ò rọ̀. Eyín yín ló ti rọ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Edeng tó ń dúró nídìí káúńtà rẹ́rìn-ín, Crispulo tó ń fọ ẹran rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí ẹlẹ́dẹ̀. Nong Pisto nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sì jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì gígùn, tí ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gbóná níwájú wọn, ọkùnrin náà ń jẹun bí ẹni tó ń bá ìrẹsì ṣe ẹjọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù Consorcia fi dún. Marivel ọmọ rẹ̀ ni, láti erékùṣù Bohol, lódìkejì òkun.

"Màmá, omi ti dà o. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mi. Ọmọ yìí ò gbọ́ràn rárá."

"Ta ló máa jọ tí kò bá jọ ìwọ? Mú ọkàn le. Mo ti wà lọ́nà."

Kò tíì wà lọ́nà. Ó ṣì mú ṣíbí lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó dìde. "Nong, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sáré lọ sí Bohol. Marivel ń rọbí."

Ìrẹsì kún ẹnu Nong Pisto. Ohun tó ṣe ni pé ó na ètè méjèèjì síwájú, ó fi wọ́n júwe ojú títì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń júwe nǹkan níbẹ̀ bí ọwọ́ wọn bá dí, àti bí ọwọ́ wọn ò bá dí pàápàá. Ètè ni ìka kọkànlá ará San Bartolome. Lójú Consorcia, ohun tí ètè náà wí ni pé: máa lọ. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e kọ́ ìṣó, ó sá jáde. Bí ó ti ń sá lọ, ó gbọ́ tí àwo ń ha tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nítorí bí ẹnì kan bá dìde nídìí oúnjẹ tó fẹ́ rìnrìn àjò, tí àwọn yòókù ṣì ń jẹun, dandan ni kí kálukú yí àwo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ má bàa dànù, kí omi má bàa gbé onítọ̀hún. Ẹni tí kò bá yí àwo, bí nǹkan bá ṣe èrò náà, kò ní lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, ta ni Consorcia tún rí bí kò ṣe Nang Oping, tó ń lọ wo àbúrò rẹ̀ ní Tubigon, ní Bohol náà. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n pín ẹ̀pà jẹ. Nang Oping ní, "Nang Siyang, àyè yín wà lọ́dọ̀ mi o." Consorcia ní, "Nang, ẹ jẹ ẹ̀pà yín." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rò.

Ọmọbìnrin ni Marivel bí, ó rí wúrúwúrú, ó ní irun lórí bíi búrọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹjọ ni Consorcia padà dé pẹ̀lú àpò kalamay lọ́wọ́, adùn Bohol tí wọ́n ń kó sínú èèpo àgbọn méjì tí wọ́n fi bébà pupa lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá lọ sí àjò gbọ́dọ̀ mú nǹkan bọ̀ fún àwọn tó fi sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òpópónà. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá Felimon, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Nong Pisto, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó ti se ẹ̀wà fún àwọn atukọ̀ ojú omi rí, tó jókòó gbàgìrìgbà lórí àpótí rẹ̀, tó wọ épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Nong, mo ti dé o. Mo ti di ìyá àgbà. Ẹ gba kalamay yín."

Nong Pisto ò wo kalamay. Òrùlé ló ń wò. "Kí lo wá ṣe?"

"Kí ni mo wá ṣe bí? Iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? O ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ní Thursday tó kọjá. O dìde láàárín oúnjẹ, o fìbínú jáde torí mo sọ òótọ́ nípa awọ ẹran. O ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lé e."

"Nong, mo dágbére fún yín. Ẹ tiẹ̀ fi ètè júwe ọ̀nà fún mi."

"Ètè mi? Oúnjẹ ni mò ń jẹ. Ṣé ìwọ máa ń so ètè tìẹ mọ́lẹ̀ tó o bá ń jẹun ni?"

Consorcia wo Crispulo. Crispulo kọjú sí ẹlẹ́dẹ̀ tó ti fọ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo Edeng. Edeng ń ka owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń wo òrùlé mọ̀ pé òrùlé lè wó lé òun náà lórí. Consorcia gbé àpò kalamay rẹ̀ lé tábìlì, ó yí padà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn mí. Ó tún yí padà, ó wá gbé àpò náà.

"Èyí tẹ́ ẹ kọ̀ láti wò yìí," ó ní, "ẹ ò ní tọ́ ọ wò."

Ó wá lọ sílé lọ bínú. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: bíbínú San Bartolome kì í ṣe ti ariwo. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ níbẹ̀ á wọlé, á ṣí fèrèsé sílẹ̀, á fajú ro, á sì máa retí kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wá fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú, bóyá pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Consorcia fajú ro fún ọjọ́ méjì gbáko nídìí fèrèsé. Kò mọ̀ pé ní òpópónà kejì, Nong Pisto náà jókòó nídìí fèrèsé tirẹ̀, ó fajú ro, ó ń retí òun. Bí ó bá jẹ́ pé fèrèsé méjèèjì dojú kọ ara wọn ni, ìtàn yìí ì bá ti parí.

Nang Oping ránṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Consorcia dá ìránṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì. "Iná tèmi ni mo fẹ́," ó ní. "Iná ẹlòmíì á jó mi lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, Edeng yọ́ wá sí ẹ̀yìn ọgbà. "Nang Siyang, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Nong ti ní Felimon ló máa yan ẹran ọdún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Ọdún ẹni mímọ́ tó ni ìlú náà ku ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá ni ṣọ́ọ̀bù Nong Pisto ń yan lọ́jọ́ náà, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ilé olórí ìlú, fún gbogbo ẹni tó lórúkọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Consorcia ti ń gbé wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ogunlọ́gọ̀, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ó bá pàdánù ọjọ́ yẹn, ó ti pàdánù àpótí náà títí ayé nìyẹn, nítorí iná tí ìlú bá rí lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ ọdún, ti onítọ̀hún ni. Ó wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Màdáámù Ludi ló ń ṣe alárinà níbẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó fi awò ojú kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Nong Pisto, ó mú wọn jókòó ní ọ̀kánkán ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé Nang Siyang ló fúnra ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá pa fáìlì yìí dé, kálukú á lọ sílé. Bó bá jẹ́ pé Nong mọ̀ pé àjò ló ń lọ, tí wọ́n jẹ́ kó lọ, tí wọ́n wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé, wọ́n lé e láìtọ́ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ padà sídìí iná ẹ̀. Nong, ṣé ẹ fi ètè júwe ọ̀nà fún un?"

"Màdáámù, mò ń jẹun ni."

"Ẹ ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun kí n wò ó."

Nong Pisto jẹ afẹ́fẹ́. Ètè rẹ̀ lọ sí òsì, ó lọ sí ọ̀tún, ó yọ síwájú, ó wọlé. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà wo ibi tí ètè náà kọjú sí, ó rò pé wọ́n ń rán òun níṣẹ́, ó lọ gbé omi wá. Màdáámù Ludi wọ awò rẹ̀, ó bọ́ ọ. "Ètè yìí ò ṣeé kọ sínú ìwé. Àwo ńkọ́? Ṣé ẹ yí àwo yín?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ẹni tó bá yí àwo ti mọ̀ pé àjò ni.

Nong Pisto gbé àyà sókè. "Èmi ò yí àwo kankan. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìyẹn. Èmi tí mo lo ọdún kan àbọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Crispulo wọlé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Màdáámù, àwo tèmi ni mò ń yí. Ẹni tó bá ń yí àwo ẹ̀ tó tún ń wo àwo ẹlòmíì, ọbẹ̀ á dà sí i lára."

Edeng wọlé. "Èmi dijú ni, Màdáámù. Mo máa ń gbàdúrà tí mo bá ń yí i."

"Àdúrà wo?"

"Pé kí ọbẹ̀ má dà sí mi lára."

Màdáámù Ludi sún ẹjọ́ náà sí ọjọ́ Wednesday tó ń bọ̀, lọ́sàn-án, ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún. Consorcia sorí kọ́ délé. Nong Pisto ń fò fẹ̀rẹ̀ lọ, ó ń fi ètè kí gbogbo ẹni tó bá pàdé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ọjọ́ náà gbàgbé nǹkan kan. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ló ń bọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́jọ́. Nígbà tí Consorcia àti Nong Pisto wọ ọ́fíìsì náà ní Wednesday, kò sí fáìlì lórí tábìlì. Pansit ló wà níbẹ̀, nínú páànù fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, núdù tín-ín-rín tó gùn lọ bí ọ̀nà oko, pẹ̀lú edé àti kárọ́ọ̀tì.

"Ẹ jókòó," Màdáámù Ludi wí. "Mi ò gbọ́ ẹjọ́ lórí ikùn òfìfo. Ẹ má sì gé núdù mi o. Ẹ̀mí mi lẹ̀ ń gé yẹn."

Ta ló máa kọ̀? Ẹni tó bá kọ pansit ọjọ́ ìbí, ikú ló tọrọ fún ọlọ́jọ́ ìbí. Ṣọ́jà ẹnu géètì wọlé, akọ̀wé gbé àga wá, àwọn ọ̀tá méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítorí àyè kò sí. Wọ́n ń fa núdù. Consorcia tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó dà bí ẹni pé Nong ti rù. Àánú rẹ̀ ti fẹ́ ṣe é díẹ̀, kí Nong Pisto tó la ẹnu.

"Kí n má purọ́," ó ní, ó ń lá ètè, "pansit yìí dùn ju awọ ẹran àwọn kan lọ."

Consorcia gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Màdáámù, ẹ máa ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Èmi ń lọ. Mò ń lọ sí ìlú ńlá Cebu báyìí, sọ́dọ̀ adájọ́ fúnra ẹ̀. Bọ́ọ̀sì aago kan ni mo máa wọ̀."

Ó dìde. Ó mú àpò rẹ̀. Etí rẹ̀ sì ń gbọ́, nítorí ẹni tó ti gbọ́ ìró yẹn láti kékeré kò lè ṣaláìgbọ́ ọ. Ṣọ́jà géètì yí àwo rẹ̀, ṣẹ́rẹ́: ọ̀kan. Akọ̀wé yí tirẹ̀: méjì. Màdáámù Ludi, òṣìṣẹ́ ìjọba láti orí dé ẹsẹ̀, yí tirẹ̀: mẹ́ta. Ọwọ́ Consorcia ti kan ìlẹ̀kùn.

Ṣẹ́rẹ́.

Mẹ́rin.

Ó yíjú padà. Ọwọ́ ọ̀tún Nong Pisto ṣì wà létí àwo rẹ̀. Núdù kan tó ta yọ létí àwo náà ṣì ń mì. Nong Pisto ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́.

"Nong," Màdáámù Ludi wí jẹ́jẹ́, "kí lọwọ́ yín ṣe yẹn?"

"Ọwọ́ mi?"

"Ọ̀tún."

"Ọ̀hún ni edé pọ̀ sí."

"Ẹ ti jẹ gbogbo edé yín tán. Ẹ tún jẹ méjì nínú tèmi. Mo rí yín."

Òógùn bo Nong Pisto. "Màdáámù, àṣà ni. Ìyá mi ló fi kọ́ mi, ó fi ìgbálẹ̀ kọ́ mi. Ẹni yòówù kó dìde nídìí oúnjẹ níṣojú mi, mi kì í mọ̀gbà tí ọwọ́ mi ń lọ. Àní kó jẹ́ ọ̀tá mi. Mi ò lè dá a dúró, mo ti gbìyànjú ẹ̀..." Ó dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kálàmù Màdáámù Ludi ti ń sáré. "Ẹni yòówù kó dìde. Mo ti kọ ọ́. Nang Siyang dìde níṣojú yín lọ́jọ́ Thursday yẹn, àbí kò dìde?"

Nong Pisto wo ṣọ́jà. Ṣọ́jà wo òrùlé. Ó wo akọ̀wé. Akọ̀wé ń ka kárọ́ọ̀tì. Ètè Nong Pisto yọ síwájú, ó júwe ìlẹ̀kùn, ó júwe fèrèsé, kò rí ibi tí yóò gbà. Ó wá ju apá sílẹ̀.

"Mo yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yí i."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?" Consorcia kò mọ̀gbà tó padà jókòó. "Nong, ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún Bohol. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ti ẹni tó ń lọ sí Saudi ni."

"Mo rò pé o ò ní padà wá mọ́ ni." Ohùn ọkùnrin náà ti yí padà. "Mo ti bà ẹ́ nínú jẹ́ láàárọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan ní òun rí ìwọ àti Oping nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó lẹ́ ẹ jọ ń jẹ ẹ̀pà. Nínú ọ̀rá kan náà, Màdáámù. Ọ̀rá kan náà. Mo ní ó parí, wọ́n ti gbà á. Bó bá dé báyìí, á dúró níwájú gbogbo ìlú, á lóun ti fi Pisto sílẹ̀. Mo wá ní kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, kí n ti sọ pé ó ti lọ. Mo gbé Felimon jókòó síbẹ̀ kí àpótí yẹn má bàa ṣófo lójú mi."

"Ẹ lé e kó tó lè lọ," Màdáámù Ludi wí.

"Mo lé e kó tó lè lọ."

"Ẹ tún un sọ, kálàmù mi ò yára."

"Mo lé e. Mo lé e kó tó lè lọ. Ọlọ́run ló rí mi, mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà yẹn."

Màdáámù Ludi pa ìwé dé. "Èmi kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí bá dé iwájú adájọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí. Ẹ buwọ́ lùwé pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí, pé ó padà sídìí iná ẹ̀ lónìí."

"Mo gbà," Nong Pisto wí, kíá, kí ìwé tó dé iwájú rẹ̀.

"Èmi ò gbà," Consorcia wí.

Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ ṣọ́jà.

"Nang," Màdáámù Ludi wí, "ẹ ti jàre o. Ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá nìyí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ò tíì tù mí nínú." Ó ká apá mọ́ àyà, ó kọjú sí ògiri. "Kí wọ́n sọ òótọ́ nípa awọ ẹran yẹn."

Nong Pisto họ orí. Ó wo pansit, ó wo aago. Ó sún àga mọ́ ọn díẹ̀. "Siyang."

Ògiri ni Consorcia ń wò.

"Siyang, awọ ọjọ́ yẹn... kò rọ̀."

"Ó dún bí?"

"Ó dún."

"Báwo ló ṣe dún?"

"Ó dún bíi... bí ìlẹ̀kùn tí ìyàwó ẹni fìbínú pa dé."

"Eyín ta ló rọ̀?"

Nong Pisto wo gbogbo ilé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Eyín mi ni. Méjì tiẹ̀ ti ń mì."

Ó ṣòro kí Consorcia tó lè di ẹ̀rín mú. Ó ń na ọwọ́ sí kálàmù lọ́wọ́ ni fóònù Nong Pisto dún. Edeng ni, ó ń pariwo débi pé gbogbo yàrá gbọ́.

"Nong, ẹ máa bọ̀. Felimon gbé ẹran ìdánrawò sórí iná, ó lọ dáná sígá. Ìdajì ẹ̀ ti di èédú, ìdajì ẹ̀ ṣì tutù. Nang Oping ti gbé àga jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wá."

Consorcia buwọ́ lùwé pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo, ó dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwo mẹ́rin dún papọ̀, ṣẹ́rẹ́. Kò yíjú padà. "Nong," ó ké láti ìta, "ẹ fi àwo yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé mọ́tò wá."

Ẹ bá wa lọ́jọ́ ọdún. Ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá, iná mọ́kànlá, èéfín tó ga ju ilé ìjọsìn lọ. Felimon ń gbé èédú, ó ń sá fún ojú gbogbo ènìyàn. Consorcia gbé mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ogunlọ́gọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, Nang Oping náà pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀kẹsàn-án kó tó rántí ara rẹ̀. Ìkọkànlá ṣì ku wákàtí kan. Ó fi í ti Crispulo, òun àti àwọn yòókù jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán lórí tábìlì gígùn náà. Ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Kalamay tó ti le bí òkúta wà láàárín wọn, èyí tí wọ́n kọ̀ láti wò nígbà yẹn. Nong Pisto ti jẹ mẹ́ta, pẹ̀lú eyín tó ń mì.

Òórùn ọ̀rá ẹran yọ́ wọ imú Consorcia. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó dìde.

Ọwọ́ Edeng lọ sí àwo. Ọwọ́ Felimon lọ sí àwo. Nong Pisto fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú, ó tẹ àyà lé e.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí àwo," ó ní. "Kò lọ síbì kankan. Ẹran ló fẹ́ lọ yí."

Consorcia ti wà nídìí iná, ó ti gba ọparun lọ́wọ́ Crispulo. "Nong," ó ní, láìwẹ̀yìn, "ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n àwo náà kò yí.